Kọ́kọ́rọ́ Wà Lọ́dọ̀ Rẹ, Ilé Wà Lọ́dọ̀ Wa

Ọjọ́ kẹta, oṣù kejì

Ìyá mi kékeré,

Ara mi le. Orúnkún òsì ń dùn mí, ti ọ̀tún kò sọ nǹkan kan. Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ, mo kí àwọn ọmọ. Ó parí. Ẹni tó bá fẹ́ kí n kí òun jù bẹ́ẹ̀ lọ, kó wá sílé.

Aránṣọ ló ń bá mi kọ ìwé yìí. O kò mọ̀ ọ́n. Lẹ́yìn tí o lọ ló kó dé àdúgbò, òun àti àwọn ọmọbìnrin rẹ̀ mẹ́ta. Ẹ̀gbẹ́ mi ni wọ́n wà, nínú yàrá kan ṣoṣo, ìta ló sì ń gbé ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ sí. Mo ti kìlọ̀ fún un pé bí mo bá ṣe sọ ọ́ ni kó kọ ọ́. Kó má fi iyọ̀ sí i, kó má fi ṣúgà sí i.

Ọ̀rọ̀ ilé bàbá rẹ ni. Lọ́jọ́ Ajé tó kọjá, àwọn ará kánsù mẹ́ta dé. Wọ́n gbé ọ̀dà pupa, wọ́n fa ìlà méjì tó dábùú ara wọn sí ògiri iwájú, wọ́n sì lẹ ìwé mọ́ ọn. Aránṣọ kà á fún mi lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní ilé tí èèyàn kò gbé fún ohun tó lé ní ọdún mẹ́wàá ti di ewu fún àdúgbò. Ó ní bí ó bá di ọgbọ̀njọ́ oṣù kẹfà tí wọn ò bá èèyàn nínú rẹ̀, tí ẹni tó ni ín kò sì kọ̀wé, wọn yóò wó o.

Mo bi ọ̀gá wọn pé, "Ìwọ lo kọ́ ọ tí o fẹ́ wó o?"

Ó ní, "Ìyá, ta ló ni ín?"

Mo ní, "Ọmọ mi ló kọ́ ọ, ó ti kú. Ọmọ rẹ̀ ló ni ín báyìí, ó wà lókè òkun."

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Gbogbo ilé òfìfo tí mo ti fi ọ̀dà sí láti àárọ̀, òkè òkun ni ẹni tó ni ín wà." Mo kórìíra ẹ̀rín yẹn, ṣùgbọ́n mi ò rí irọ́ níbẹ̀.

Lẹ́yìn tí a sin bàbá rẹ, o wá fún ọjọ́ méjì, o ti ilẹ̀kùn, o fi kọ́kọ́rọ́ sínú àpò rẹ, o lọ. Ọdún mọ́kànlá nìyẹn. Kọ́kọ́rọ́ wà lọ́dọ̀ rẹ, ilé wà lọ́dọ̀ wa.

Ní ọdún tó kọjá o kọ̀wé sí mi nípa iṣẹ́ tuntun rẹ. O ní ẹ máa ń wá àwọn tó ní ilé tí wọ́n ti pa tì fún ọ̀pọ̀ ọdún, ẹ ó sì ràn wọ́n lọ́wọ́ títí èèyàn yóò fi tún máa gbé inú rẹ̀. O ní lẹ́tà mẹ́ta lẹ máa ń kọ. Nínú àkọ́kọ́, ẹ kì í bú onílé, ẹ kì í halẹ̀ mọ́ ọn, ẹ kàn ń béèrè pé kí ló dí i lọ́wọ́. Nínú ìkejì, ẹ ó sọ ìrànlọ́wọ́ tó wà nílẹ̀. Nínú ìkẹta, ẹ ó dá ọjọ́. O sọ nípa ọkùnrin kan tó ti ilé pa fún ọdún mọ́kàndínlógún nítorí pé aṣọ ìyàwó rẹ̀ tó kú ṣì wà ní kíkọ́ níbẹ̀. O ní o jókòó tì í lórí àtẹ̀gùn títí ó fi sọ̀rọ̀. Mo gbádùn ìtàn yẹn gan-an.

Ó dáa. Èyí ni lẹ́tà àkọ́kọ́. Kí ló dí ọ lọ́wọ́?

Má pè mí lórí fóònù. Lórí fóònù, "ó dáa, Màmá, ó dáa" lo mọ̀ ọ́n wí. Kọ ọ́ sílẹ̀. Ìwọ náà lo sọ pé lẹ́nu iṣẹ́ yín, ohun tí ẹ kò bá kọ sílẹ̀ kò ṣẹlẹ̀.

Èmi tí mo bí ẹni tó bí ọ.


Ọjọ́ kẹtàlélógún, oṣù kejì

Màmá àgbà mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ kú ìtọ́jú ara yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi orúnkún yẹn han dókítà, ẹ má kàn máa sọ pé ti ọ̀tún kò sọ nǹkan kan. Ọkọ mi kí yín, àwọn ọmọ kí yín. Ẹ bá mi kí Aránṣọ pẹ̀lú, ọwọ́ rẹ̀ dára lóòótọ́.

Màmá, ẹ má jẹ́ kí àwọn ará kánsù kó yín láyà jẹ. Mo mọ iṣẹ́ wọn, iṣẹ́ tèmi náà ni. Irú ìwé yẹn máa ń le lójú ju bó ti le lọ. Ẹ sọ fún wọn pé ẹni tó ni ilé wà láàyè, ó sì ti gbọ́. Mo ń bọ̀ ní oṣù kejìlá. Bí mo bá dé, èmi fúnra mi yóò ṣí i.

Kò sì yẹ kí wọ́n pe ilé yẹn ní ewu rárá. Ọdọọdún ni àbúrò bàbá mi ń fi fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́. Èyí tó fi ránṣẹ́ kẹ́yìn wà lórí tábìlì mi ní ọ́fíìsì: ògiri funfun báláú, fèrèsé aláwọ̀ ewé, koríko kan kò sí níwájú rẹ̀. Àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́ máa ń bi mí pé ta ló ń gbé ilé tó dára tó bẹ́ẹ̀.

Ẹ béèrè ohun tó dí mi lọ́wọ́. Iṣẹ́ ni, àwọn ọmọ ni, ìwé ìgbélùú tó pẹ́ kó tó jáde ni. Ẹ mọ gbogbo rẹ̀. Bó bá jẹ́ pé èèyàn ni kánsù fẹ́ rí, kí ló dé tí ẹ̀yin kò kó lọ síbẹ̀? Bó bá jẹ́ ẹ̀yin ni, mo lè fi kọ́kọ́rọ́ ránṣẹ́. Ẹ kàn jókòó sí yàrá iwájú. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dé yàrá ẹ̀yìn.

Ọmọ ọmọ yín tó ń rò yín lójoojúmọ́.


Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, oṣù kẹta

Ìyá mi kékeré,

Mo kí ẹ̀yin ará ilé rẹ. Mo ti fi orúnkún han dókítà, ó ní ọjọ́ orí ni. Mo ní ti ọ̀tún ńkọ́, ṣé wọn kì í ṣe ìbejì ni?

Iṣẹ́, àwọn ọmọ, ìwé ìgbélùú. Ìyẹn kì í ṣe ìdáhùn. Ọkùnrin aláṣọ ìyàwó yẹn náà, o sọ fún mi pé nígbà tí o kọ́kọ́ bi í, ó ní páìpù omi ló bàjẹ́.

Jẹ́ kí n sọ ọ̀rọ̀ fọ́tò fún ọ. Àbúrò bàbá rẹ kì í ṣe òpùrọ́. Ohun tí mo bá rán an ló ń ṣe. Ọdọọdún, bí òjò bá ti dá, mo máa ń ní kó kun ògiri iwájú. Iwájú nìkan. Èmi ni mo ń ní kó fa koríko ibẹ̀ tu. Èmi náà ni mo fi ibi tí yóò dúró sí hàn án, lábẹ́ igi tó wà ní òdìkejì títì, kí òrùlé má baà yọjú nínú fọ́tò. Fèrèsé yàrá mi kọjú sí ilé yẹn. Bí mo bá jí, òun ni mo ń kọ́kọ́ rí, àwọn tó bá ń kọjá náà sì ń rí i, wọ́n á máa wò mí. Ojú tì mí, mo fi ọ̀dà bò ó. Kò sí ẹni tó kọ́ mi, kò sì sí ẹni tí mo fẹ́ kó bá mi pín ẹ̀bi rẹ̀.

Ẹ̀yìn ilé náà rèé. Páànù mẹ́fà ti ṣí lọ. Àjà pálọ̀ ti wó sílẹ̀. Igi kan hù nínú ilé ìdáná, ó gba fèrèsé jáde, ó ga jù mí lọ. Àdán kún inú òrùlé. Ẹni tí kò bá ní ibi tí yóò da ilẹ̀ sí ń dà á síbẹ̀. Omi tó ń ti ibẹ̀ ṣàn wó odi oníbúrẹ́dì tó wà lẹ́yìn ilé náà, àpò ìyẹ̀fun mẹ́rin ló bàjẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Òun ló lọ fẹjọ́ sun kánsù. Mo ní, "Ìwọ lo ṣe èyí?" Ó ní, "Èmi ni, Ìyá Àdán." Orúkọ tó ń pè mí nìyẹn. Kò jẹ̀bi.

O ní kí èmi kó lọ síbẹ̀. Arúgbó kan nínú yàrá márùn-ún, òfìfo náà ni. Yàrá kan ni n ó máa gbé, àdán á máa gbé mẹ́rin, inú ọdún méjì ẹ ó sin mí, ìwọ á sì tún fi kọ́kọ́rọ́ sínú àpò.

Nítorí náà, lẹ́tà kejì nìyí. Ìrànlọ́wọ́ wà nílẹ̀. Káfíńtà tó bá bàbá rẹ ṣiṣẹ́ ṣì wà láyé, ó sì lè gun òrùlé. Àbúrò bàbá rẹ á ṣíwọ́ kíkun iwájú, á wá fi sìmẹ́ńtì rẹ́ inú. Aránṣọ àti àwọn ọmọ rẹ̀ ni yóò máa gbé ibẹ̀. Wọ́n á tún un ṣe bí wọ́n ṣe ń gbé e, ọdún márùn-ún, pẹ̀lú ìwé àdéhùn, bí ẹ ṣe ń ṣe é níbi iṣẹ́ yín. Onílé ibi tí wọ́n wà ti ní kí wọ́n kó jáde kí oṣù keje tó pé. Ilé ń wá èèyàn, èèyàn ń wá ilé. Kí ló tún kù tí à ń wò?

Ó wá ku ohun kan. Kí ló wà nínú yàrá ẹ̀yìn?

Èmi, Ìyá Àdán.


Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kẹrin

Màmá àgbà,

Mo kí yín. Mo gbàdúrà pé kí lẹ́tà yìí bá yín ní àlàáfíà.

Inú mi kò dùn. Fún ọdún mẹ́wàá ẹ jẹ́ kí n máa gbé irọ́ sórí tábìlì, ẹ sì wá ń sọ ọ́ bí ẹni ń sọ pé òjò rọ̀ lánàá. Mo ti yọ fọ́tò yẹn kúrò. Ẹnì kan bi mí pé ibo ni ilé mi wà, mo yí ọ̀rọ̀ padà.

Ṣùgbọ́n ìyẹn kọ́ ló dùn mí jù. Ẹ jọ̀ọ́, Màmá, ta ló ń kọ àwọn lẹ́tà yìí? Aránṣọ ló ń kọ tiyín, Aránṣọ ló ń ka tèmi fún yín, Aránṣọ náà ló sì fẹ́ kó wọ inú ilé. Lẹ́nu iṣẹ́ mi, bí mo bá rí irú fáìlì bẹ́ẹ̀, ṣe ni mo máa ń gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí n tó fọwọ́ sí ohunkóhun. Mo ti rí arúgbó tí ẹni tó ń kàwé fún un gba ilé mọ́ ọn lọ́wọ́. Mi ò pe ẹnikẹ́ni lólè. Mo kàn ń béèrè ni.

Títí n ó fi mọ òótọ́, mi ò fọwọ́ sí i. Kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan ilẹ̀kùn yẹn. Ilé bàbá mi ni, èmi ni mo sì ni ín. N ó dé ní oṣù kejìlá, n ó bá kánsù sọ̀rọ̀ fúnra mi.

Ẹ má bínú sí mi.

Ọmọ ọmọ yín.


Ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n, oṣù kẹrin

Ìwọ ọmọ yìí,

Mi ò kí ọ.

Aránṣọ ka ìwé rẹ débi tí o ti dárúkọ rẹ̀, ó gbé e sílẹ̀. Mo ní, "Kí ló dé?" Ó ní, "Ìyá, ojú ń ta mí." Mo ní, "Ojú tó ń ki òwú bọ abẹ́rẹ́ nínú òkùnkùn? Kà á jáde." Ó kà á jáde. Lẹ́yìn náà ó ká ìwé náà, ó ní òun ò kọ lẹ́tà mọ́, kí n wá ẹlòmíràn, kí n sì gbàgbé ọ̀rọ̀ ilé. Mo ní kó jókòó. Mo ní ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn kì í sá ní kóòtù, àyàfi tó bá jẹ̀bi. Òun ló ń kọ èyí. Imú rẹ̀ ti wú. Ó ní òun ò ní kọ pé imú òun wú, mo ní kó kọ ọ́.

O béèrè ẹni tó ń kọ lẹ́tà. Ọwọ́ Aránṣọ ni, ẹnu tèmi ni. Bàbá bàbá rẹ fi ọdún mọ́kànlélógójì wá bí yóò ṣe fi ọ̀rọ̀ sí mi lẹ́nu, ó kú láìrí i ṣe. Ṣé obìnrin tó dé àdúgbò lánàá ni yóò wá rí i ṣe?

Ẹ̀rí lo fẹ́. Lọ́jọ́ tí o ń lọ, ní gáréèjì, o dì mọ́ mi lọ́rùn. Mo sọ fún ọ létí pé, "Má sunkún. Ojú rẹ máa ń wú bí ojú ẹni tí oyin ta, àwọn tó ń yẹ ìwé ìrìnnà wò á rò pé àrùn lo gbé wá fún wọn." O bú sẹ́rìn-ín, ikun imú rẹ sì dà sí mi léjìká. Mi ò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni rí. Aránṣọ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbọ́ ọ ni, ó ti ń rẹ́rìn-ín, ó ti ba ìlà kan jẹ́. Gbé ìyẹn sínú fáìlì rẹ.

O tún ní ilé bàbá rẹ ni. Ta ló sọ pé kì í ṣe tiẹ̀? Bíríkìlà ni ọmọ mi. Ilé onílé ló ń kọ́ láti ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Ẹtì, ọdún mẹ́sàn-án ló sì fi ọjọ́ ìsinmi kọ́ tirẹ̀. Èmi ni mo ru omi tó fi po sìmẹ́ńtì. Ọrùn mi tó kúrú yìí, ibẹ̀ ló ti kúrú. Ọmọ mi ló kú, kí ẹnikẹ́ni tó rántí pé bàbá rẹ ló kú. Mo sin ín, mo padà sílé, mo fọ aṣọ. Mi ò fi ikú rẹ̀ ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹnikẹ́ni.

Èyí ni lẹ́tà kẹta. Ọ̀nà tí ẹ̀yin ń gbà ṣe é ni mo tẹ̀ lé, mi ò fo ìkankan. Mo dá ọjọ́ keje oṣù kẹfà. Bí mi ò bá rí kọ́kọ́rọ́, tàbí ìdí tó ṣe é gbọ́ sétí, a ó wọlé. Bí o bá fẹ́, pe ọlọ́pàá sí mi. Sọ fún wọn pé ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin ni, kí wọ́n gbé àga dání bí wọ́n bá ń bọ̀.

Mi ò ní kí ọ ní ìsàlẹ̀ náà.


Ọjọ́ kìíní, oṣù kẹfà

Màmá àgbà mi,

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì mí. Mo mọ̀ pé ìwé yìí kò ní bá ọjọ́ tí ẹ dá. Mo kọ mẹ́rin ṣáájú rẹ̀, mo fà wọ́n ya. Mo pè yín lẹ́ẹ̀mẹrin lórí fóònù, ẹ kò gbé e. Mo pe àbúrò bàbá mi, ó ní ẹ ti sọ pé bí òun bá jíṣẹ́ fóònù, ẹ ó fi ọ̀pá lé òun kiri àdúgbò. Òun, ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́ta. Ó ní kí n kọ̀wé.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ bá mi tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Aránṣọ. Rárá, òun náà ló máa ka èyí. Ìyá àwọn ọmọ, ẹ má bínú. Ohun tí mo kọ nípa yín, ẹ̀rù ló kọ ọ́.

Ẹ bi mí lẹ́ẹ̀mejì pé kí ló dí mi lọ́wọ́. Yàrá ẹ̀yìn yẹn, èmi ni bàbá mi kọ́ ọ fún. Èmi ni mo di orí téèpù mú nígbà tó ń wọn ògiri rẹ̀, ó sì ń fi pẹ́ńsùlù kọ nọ́ńbà sára ògiri, torí ó ní ìwé máa ń sọnù, ògiri kì í sọnù. Kò rẹ́ ẹ. Ó ní bí mo bá dé láti òkè òkun, èmi ni n ó sọ irú àwọ̀ tí mo fẹ́. Nígbà tí àìsàn dé, ó ní kí wọ́n gbé bẹ́ẹ̀dì òun lọ síbẹ̀. Ibẹ̀ ló ti ń pè mí. Ó bi mí pé, "Ìgbà wo lò ń bọ̀?" Mo ní oṣù kejìlá. Ó kú ní oṣù kẹsàn-án.

Oṣù kejìlá náà ni mo kọ sí yín nínú lẹ́tà méjì. Mi ò mọ̀ àfìgbà tí mo kà á lójú ara mi. Láti ọdún mọ́kànlá ni mo ti ń sọ ọ́, Màmá. Lójú mi, bí ilẹ̀kùn yẹn bá ṣì wà ní títì, ó ṣì wà lórí bẹ́ẹ̀dì yẹn, ó ń retí mi, mi ò sì tíì pẹ́.

Ẹ ṣí i. Kọ́kọ́rọ́ wà nínú àpòòwé yìí. Kí ẹ fi èyí han kánsù: Èmi tí mo ni ilé yìí fọwọ́ sí i pé kí Aránṣọ àti àwọn ọmọ rẹ̀ mẹ́ta máa gbé inú rẹ̀ fún ọdún márùn-ún, kí wọ́n sì máa tún un ṣe. Mo ti bu ọwọ́ lù ú nísàlẹ̀.

Ohun kan ṣoṣo ni mo fi bẹ̀ yín. Ògiri tí bàbá mi kọ nọ́ńbà sí, kí wọ́n má rẹ́ ẹ. Kí wọ́n rẹ́ gbogbo ilé, kí wọ́n fi ẹyọ kan yẹn sílẹ̀ fún mi.

Ọmọ ọmọ yín.


Ọjọ́ kejìlá, oṣù kẹfà

Ìyá mi kékeré,

Ó yẹ kí n kí ọ, torí náà mo kí ọ.

Ọjọ́ tí mo dá ti kọjá, mi ò rí ìwé. Fóònù dún lẹ́ẹ̀mẹrin. Mo mọ̀ pé ìwọ ni, mo tì í sábẹ́ ìrọ̀rí. Mo ti sọ pé ìwé ni.

A ti wọlé. O ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan ilẹ̀kùn, kí n sì má parọ́, a fọwọ́ kàn án dáadáa. Ṣùgbọ́n a ò fọ́ àgádágodo rẹ. Káfíńtà yọ híńjì ọwọ́ òsì, ó yọ férémù ọwọ́ ọ̀tún, ó gbé gbogbo rẹ̀ kúrò lódidi, ó fi í ti ara ògiri. Àgádágodo rẹ ṣì wà ní títì. Bí o bá dé, wàá bá a bí o ṣe fi í sílẹ̀. Oníbúrẹ́dì ní òun ò tíì rí irú ẹ̀ rí. Mo ní kó wo dáadáa.

Àdán jáde bí èéfín. A gé igi ilé ìdáná. Ilẹ̀ tí a kó jáde, ọmọlanke mọ́kànlá. Oníbúrẹ́dì bá wa tì í, ó ní nítorí odi òun ni, kì í ṣe nítorí mi.

Mo wọ yàrá ẹ̀yìn fúnra mi. Mo ní kí gbogbo wọn dúró síta. Bẹ́ẹ̀dì ọmọ mi wà níbẹ̀, ìrọ̀rí wà lórí rẹ̀, bàtà iṣẹ́ rẹ̀ wà nísàlẹ̀. Ó dà bí ẹni pé èèyàn ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde níbẹ̀ ni. Mo fọwọ́ ti igi bẹ́ẹ̀dì náà kí n lè jókòó, ó di ìyẹ̀fun mọ́ mi lọ́wọ́, gbogbo rẹ̀ wó lulẹ̀. Ikán ti jẹ ẹ́ tán látinú, awọ rẹ̀ ni wọ́n ṣẹ́kù. Bàtà náà bẹ́ẹ̀. Mo wá ní kí wọ́n mú ìgbálẹ̀ wá.

Mi ò mọ ohun tí o ń tọ́jú síbẹ̀, o kò sọ fún mi. Ohun yòówù kó jẹ́, ikán ti bá ọ jẹ ẹ́ tán tipẹ́, o kàn ń ti ilẹ̀kùn mọ́ ikán ni.

Ní ọjọ́ kẹwàá, àbúrò bàbá rẹ rẹ́ yàrá yẹn. Ògiri ibẹ̀ nìkan ni kò ní sìmẹ́ńtì lára tẹ́lẹ̀, ìkọkúkọ ló kún ara rẹ̀. Ó ti dán báyìí. Páànù mẹ́rin ti wọlé, ó ku méjì. Aránṣọ kó dé lánàá.

Èmi ni mo ní kí wọ́n ṣe é. Bí o bá máa bínú, èmi ni kí o bínú sí.


Ọjọ́ kejì, oṣù keje

Ìyá mi kékeré,

Mo kí ọ dáadáa. Mo kí ọkọ rẹ. Mo kí àwọn ọmọ, níkọ̀ọ̀kan.

Ìwé rẹ dé ní ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù tó kọjá. Aránṣọ kà á fún mi tán. Nígbà yẹn ògiri yẹn ti gba sìmẹ́ńtì fún ọjọ́ méje.

Mi ò mọ̀wé. Ohun tí ọmọ mi kọ wà níwájú mi, mo pè é ní ìkọkúkọ. O pè mí lẹ́ẹ̀mẹrin, mo fi ìrọ̀rí bo ohùn rẹ mọ́lẹ̀, nítorí pé mo fẹ́ borí rẹ. Ẹ̀bi tèmi nìyẹn, mo gbé e. O mọ ohun tí o ń bẹ̀rù láti ọdún mọ́kànlá, o sì ní oṣù mẹ́rin gbáko láti kọ ìlà mẹ́ta. Ẹ̀bi tìrẹ nìyẹn, gbé e. Mi ò ní kí wọ́n ha sìmẹ́ńtì náà kúrò. Káfíńtà ní bí a bá ha á, nọ́ńbà náà á bá a lọ.

Bí mo ti ń sọ èyí, Aránṣọ gbé gègé sílẹ̀. Ó ní òun fẹ́ sọ nǹkan. Mo ní kó sọ ọ́. Ó ní lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ rẹ́ ògiri, òun rí i pé ìwọ̀n ni nọ́ńbà yẹn, kì í ṣe ìkọkúkọ, òun ò sì lè wo ìwọ̀n kí òun má kọ ọ́ sílẹ̀. Ó kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé tó ń kọ ìbú èjìká àti gígùn apá àwọn oníbàárà rẹ̀ sí. Mo ní, "Kí ló dé tí o kò sọ fún mi láti ìgbà yẹn?" Ó ní, "Ìyá, ẹ ò bi mí. Ẹ sì ní kí n má fi iyọ̀ sí ohunkóhun." Ó ti ya ojú ìwé yẹn, ó wà nínú àpòòwé yìí. Ọwọ́ rẹ̀ ni, kì í ṣe ọwọ́ bàbá rẹ. Má retí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Kọ́kọ́rọ́ rẹ bá wa. A fi ṣí àgádágodo lára ilẹ̀kùn tó fẹ̀yìn ti ògiri. Ẹ̀ẹ̀kan tí a yí i ló ṣí. Káfíńtà wá dá ilẹ̀kùn padà sáyè rẹ̀.

Ní ọgbọ̀njọ́ oṣù kẹfà, àwọn ará kánsù dé, pẹ̀lú ọkọ̀ tó ní irin níwájú. Mo ti gbé àga síwájú ilé láti àárọ̀. Ọ̀gá wọn ní, "Ìyá, ta ló ń gbé ibí?" Mo ní, "Ojú rẹ kò fọ́." Ẹ̀rọ ìránṣọ ń dún ní pálọ̀, aṣọ àwọn ọmọ kún orí okùn. Ó ní, "Ènìyàn lè gbé aṣọ sá sórí okùn fún ọjọ́ kan. Ìwé onílé dà?" Mo na ìwé rẹ sí i. Ó bẹ̀rẹ̀ sí kà á lórí ìdúró. Nígbà tó yá, ó fà sẹ́yìn, ó ní, "Ìyá, ọ̀rọ̀ ẹbí ló wà níbí o. Ṣé kí n kà á tán?" Mo ní, "Ibi tó kàn ọ́ ni kí o kà." Ó wá ibi tí o bu ọwọ́ lù, ó dà á kọ, ó sì ní kí wọ́n dá ọkọ̀ padà.

Mo ní, "Ọ̀dà pupa yín ńkọ́?" Ó ní pupa nìkan ni àwọn ní. Àbúrò bàbá rẹ gbé funfun jáde, ó pa ìlà náà rẹ́. Mo ní kó máa bá a lọ sí ẹ̀yìn. Ó wò mí bí ẹni tí mo ní kó lọ kun ojú ọ̀run. Ó kùn ún.

Nípa bíbọ̀ rẹ. Mi ò bi ọ́ pé ìgbà wo. Bàbá rẹ ti bi ọ́, ó tó. Ọjọ́ tí o bá dé, o ti dé. Yàrá tó kọ́ fún ọ, àwọn ọmọbìnrin Aránṣọ ló wà níbẹ̀. Àgbà wọn ti fi àwọ̀ òféfèé kun ún, mi ò rò pé ìwọ ni wàá mú irú àwọ̀ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n òun ló ń sùn níbẹ̀. Wọn kò ní kó jáde fún ọ, èmi náà kò sì ní sọ pé kí wọ́n kó jáde. Ọ̀dọ̀ mi ni wàá sùn.

Bí o bá fẹ́ wo inú ilé bàbá rẹ, sọdá títì lọ́sàn-án. Kan ilẹ̀kùn, kí o sì dúró kí wọ́n dá ọ lóhùn. Èèyàn ń gbé ibẹ̀.

Ìyá àgbà rẹ.